Fàájì kò jìnnà sí Àgọ́ Palace: Bí òṣìṣẹ́ ṣe lè gbádùn ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láì náwó kọjá agbára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Bí a bá ń ka àwọn àdúgbò tó mú òwe yìí lò l'Ékòó, a kò ní í yọ Àgọ́ Palace sílẹ̀, ní Òkòtà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn èèyàn ti ń jáde nílé, táwọn kan ń wá ọkọ̀ lọ sí Cele, táwọn mìíràn ń gba orí afárá kọjá sí ìhà Apple Junction ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà, ilẹ̀ ti ṣú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ti gba gbogbo okun tó kù lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òde àríyá ló ń gbé wọn káàkiri. Ọjọ́ Àìkú ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ fífọ̀ àti ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ Ajé mìíràn.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, ìgbà wo gan-an là ń jẹ ìgbádùn ìlú tí à ń tìtorí ẹ̀ ṣe wàhálà yìí? Èèyàn lè gbé Àgọ́ Palace fún ogún ọdún kó má dé Badagry rí, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ wa lè ka orúkọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal láì ṣì í, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló wà ní Oníkan, wọ́n á máa wojú yín. Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ ìgbádùn, Kánádà, ìlú ọba tàbí Ọsirélíà ni ọkàn ọ̀pọ̀ ń lọ. Èyí ló mú ká ṣàlàyé, fún àǹfààní ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn ibi tí ẹni tó ń gbé Àgọ́ Palace lè dé láàárọ̀ kó sì padà sílé lálẹ́, bí yóò ṣe débẹ̀, àti ìdí tí kò fi yẹ kó fi í falẹ̀.

ÌSINMI KÌ Í ṢE ÌWÀ Ọ̀LẸ

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ń wá ìgbafẹ́ kiri kò ní iṣẹ́ ṣe. Àwọn baba ńlá wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ oko kò sì rọrùn, síbẹ̀ wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń so ọkọ́ rọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ ọ̀wọ̀ tirẹ̀, tí olórìṣà kì í lọ sóko. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọ́n á gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ igi, wọ́n á máa ta á, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọdé á pé jọ gbọ́ àlọ́. Ìgbafẹ́, fàájì àti ìsinmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òyìnbó kó wá bá wa. Èdè wa ti ní wọn tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìwà wa ti ní wọn tẹ́lẹ̀.

Òfin náà fọwọ́ sí i. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1974, èyí tó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa di òní, sọ pé nínú ọjọ́ 7, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 1 tí yóò fi sinmi, tí wákàtí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí 24. Òfin kan náà sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí kò dín sí ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní pípé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti fi owó rọ́pò ìsinmi yìí fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé, lójú òfin, ara tó sinmi kò ṣeé fi náírà rà.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ti Ọsirélíà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sáré lọ. Níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 ni òfin fún òṣìṣẹ́ tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ láti fi sinmi lọ́dún, pẹ̀lú owó rẹ̀. Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ń ná ìsinmi yìí sí. Owó tí àwọn ọmọ onílùú ń ná láti rìnrìn àjò káàkiri inú orílẹ̀-èdè wọn pọ̀ ju èyí tí àwọn àlejò ń ná níbẹ̀ lọ. Etíkun wọn, igbó wọn, àwọn ìlú kéékèèké wọn, àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ ń lọ wò ó kí àlejò tó dé. Ọjọ́ 6 kò tó ọ̀sẹ̀ 4, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọjọ́ 6 tí kò lo ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀, kò lè sọ pé òfin nìkan ló fi ìyà jẹ òun.

ÌRỌ̀LẸ́ L'ÀGỌ́ PALACE

Kí èèyàn tó máa sọ̀rọ̀ ìrìn àjò, ẹ jẹ́ ká wo iwájú ilé ná. Gbogbo ẹni tó mọ Èkó ló mọ̀ pé ọ̀nà Àgọ́ Palace kì í sùn bọ̀rọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé fàájì ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Yorùbá àti Ìgbò ló pọ̀ jù níbẹ̀, oúnjẹ wọn sì ti wọnú ara wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń jẹ ìsì-éwú, ọmọ Ìgbò ń jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Ẹran súyà sì wà níbẹ̀, tí àwọn Hausa ń sun, tí wọ́n ń bu yájì àti àlùbọ́sà sí, láìka ẹ̀yà ẹni tó wá rà á sí.

Èyí tó lókìkí jù ni ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń pè ní point and kill. Ààyè ni ẹja náà máa ń wà nínú omi, oníbàárà á nawọ́ sí èyí tó wù ú, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á pa á, wọ́n á sì béèrè bóyá ata ni kí wọ́n fi sè é tàbí kí wọ́n sun ún lórí iná. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ o. Ẹ béèrè iye owó ẹja kí wọ́n tó pa á, kí ẹ sì béèrè bóyá owó sísè àti ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ wà nínú iye náà. Ẹja tó bá ti kú kò tún ní ìdúnàádúrà mọ́. Ẹja ńlá kan tí èèyàn 4 pawọ́ pọ̀ rà dín owó kù ju ẹja kéékèèké 4 lọ lọ́pọ̀ ìgbà, jíjẹ rẹ̀ papọ̀ sì dùn ju kí oníkálukú máa wo abọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọmọ kò gbọdọ̀ rò pé alẹ́ nìkan ni àkókò ìgbafẹ́ níbẹ̀. Láti nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí aago 6, kí ariwo orin tó gòkè, bàbá àti ìyá lè kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n rìn díẹ̀, kí wọ́n ra ohun jíjẹ, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá sí owó rárá, ọpọ́n ayò kan nínú ọgbà ilé ti tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, dípò tí oníkálukú á fi tẹjú mọ́ fóònù títí bátìrì á fi kú, ẹ pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

RÉLÙWÉÈ MILE 2: OKO ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ LÁÀÁRÍN ÌLÚ

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ará Àgọ́ Palace fi ń sá fún Erékùṣù Èkó lọ́jọ́ ìsinmi kò ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Ta ló fẹ́ tún lọ jókòó sínú gòsílóò tó fi ọjọ́ 5 jókòó sí? Ṣùgbọ́n nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Iná mànàmáná ló ń wà á, ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 13, ibùdókọ̀ 5 ló sì ní: Mile 2, Súrù-Àlàbá, Orílé Ìgànmú, National Theatre àti Marina. Láti Àgọ́ Palace, ẹ lè gba orí afárá lọ sí Amúwó-Ọ̀dọ̀fin kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Mile 2, tàbí kẹ́ ẹ gba Cele. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ náà. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, nítorí náà, ẹ ti fi owó sórí rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí ni National Theatre ní Ìgànmú. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí ilé ńlá yìí, ní ìmúrasílẹ̀ fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé tó wáyé láti ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, sí ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1977. Ẹ má gbàgbé pé Festac Town tó wà nítòsí Àgọ́ Palace níbí, àwọn àlejò àjọ̀dún yẹn kan náà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí èrò máa ń ya lọ wo eré àti fíìmù Yorùbá níbẹ̀ lásìkò ọdún. Ilé náà bàjẹ́ títí, kí wọ́n tó tún un ṣe. Lọ́dún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́, ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni wọ́n sì ṣí i padà.

Bí ẹ bá dé Marina, Oníkan kò jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ni músíọ́mù ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1957, níbi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà Nok, Ilé-Ifẹ̀ àti Bìní sí. Ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976, wà lára ohun tó sọ ibẹ̀ di olókìkí. Ní òdìkejì ọ̀nà ni gbọ̀ngàn John Randle wà, èyí tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún 2023. Ìtàn ilẹ̀ yẹn bá ohun tí à ń sọ mu. Dókítà John Randle, tó kàwé ìṣègùn, fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kò ṣe é, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìwẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, èyí tó parí lọ́dún 1928. Ẹ wò ó, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ìgbádùn ará ìlú tó ohun tí a ń náwó lé lórí.

Láti ibẹ̀, ẹ yà sí Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ti Herbert Macaulay àti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́lé rí. Lọ́dún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé ọdún 50 tó gba òmìnira, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ èèyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń jó, tí wọ́n ti ń jẹun báyìí. Bí ọmọ bá fojú rí irú ibẹ̀, kò sí olùkọ́ tó lè ṣàlàyé ìtàn òmìnira fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

BADAGRY: ÌTÀN TÓ Ń DÙN TÓ SÌ Ń KORÒ

Ẹni tó bá ní odindi ọjọ́ kan, kó jáde ní kùtùkùtù, kó gba Mile 2, kó dojú kọ Badagry. Ọ̀nà náà ti fìyà jẹ èèyàn púpọ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sán kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ilé alájà méjì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ilẹ̀ tá a mọ̀ sí Nàìjíríà lónìí wà níbẹ̀, tó kọjú sí ọ̀sà. Àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS ló kọ́ ọ, wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1845. Orúkọ Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, so mọ́ ilé náà títí di òní. Ibẹ̀ náà ni igi Àgíà wà rí, igi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1842. Ìjì wó igi náà lọ́dún 1959, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun ìrántí sí ojú ibẹ̀.

Apá tó korò ni ti òwò ẹrú. Ní agbo ilé Sérìkí Abass, ẹ ó rí àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn tó ń mójú tó ibẹ̀ máa ń sọ pé ogójì èèyàn ni wọ́n ń kó sínú yàrá kan. Abass fúnra rẹ̀, wọ́n ti tà á lẹ́rú rí kó tó di olówò. Láti etí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi á gbé yín kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí àwọn ẹrú ti ń fi ẹsẹ̀ rin ìrìn ìkẹyìn wọn dé etí òkun ńlá. Ibi Àìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ ló yẹ kí ẹ mú lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ má sì gbàgbé láti jẹ oúnjẹ àwọn ará Ògù, tí à ń pè ní Ègùn, kí ẹ tó padà, nítorí àwọn náà ni onílé ibẹ̀.

LÁTI ÒṢÒDÌ DÉ ABẸ́ÒKÚTA

Òṣòdì tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ èrò àti ariwo ti di ẹnu ọ̀nà ìgbafẹ́ báyìí. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2024, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin kejì, ìyẹn Red Line, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún náà. Agbádó ni ó ti ń gbéra, ó ń gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin àti Yábàá kọjá kó tó dé Òyìngbò. Ẹni tó bá dé Agége tàbí agbègbè Yábàá lè tibẹ̀ bá ọkọ̀ ojú irin ìjọba àpapọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2021. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà rẹ̀, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà náà. Ọkọ̀ yìí kì í lọ ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì máa ń yí àkókò rẹ̀ padà. Ẹ béèrè àkókò tí yóò gbéra àti èyí tí yóò fi padà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má baà sùn sí ibi tí ẹ kò rò.

Abẹ́òkúta ni ìrìn ọjọ́ kan tó rọrùn jù fún ìdílé. Láti ibùdókọ̀ tó wà ní Láderin, ẹ wọ takisí lọ sí Òkè Olúmọ. Abẹ́ àpáta yìí ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé lọ́dún 1830 nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ sí, tí orúkọ ìlú náà fi di Abẹ́ Òkúta. Bí ẹ bá gun òkè náà dé òkè téńté, ẹ ó rí àwọn òrùlé páànù pupa ìlú náà lọ súà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yà sí ọjà Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Bí ẹ bá béèrè dáadáa, àwọn tó ń ta á á sọ fún yín èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ṣe, èyí tí wọ́n fi okùn dì, àti èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà tàbí láfún.

Ìdí kan tún wà tó yẹ kí òǹkàwé ìwé ìròyìn Yorùbá fi dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní oṣù Kejìlá, ọdún 1859. Gbogbo ìwé ìròyìn tó ń jáde lédè wa lónìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìwé yẹn ni.

OWÓ ŃKỌ́?

A mọ̀ pé ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni pé, níbo ni owó yóò ti wá? Ọjà wọ́n, owó ọkọ̀ ga, owó ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ nílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé, èèló la ná lórí aṣọ ẹbí lọ́dún tó kọjá? Aṣọ òde kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó télọ̀, gèlè àti owó tí à ń ná lójú agbo, lè gbé bàbá, ìyá àti ọmọ lọ sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn ibi tá a kà sílẹ̀ yìí. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sóde ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Àríyá jẹ́ ara àṣà wa. Ohun tí à ń sọ ni pé kí òde àwọn ẹlòmíràn má gba gbogbo owó àti ọjọ́ ìsinmi ìdílé wa tán.

Àjọ ni ọ̀nà tó rọrùn jù, nítorí a ti mọ̀ ọ́n dá. Bí ìdílé kan bá ń fi 1,000 náírà pamọ́ lọ́sẹ̀, bí ọdún bá fi parí, 52,000 náírà ni. Bí ìdílé 10 nínú ọgbà tàbí àdúgbò kan bá pawọ́ pọ̀ ṣe é, owó náà á di 520,000 náírà, wọ́n á sì lè háyà bọ́ọ̀sì fún ara wọn. Ẹ se oúnjẹ láti ilé. Ìrẹsì nínú kúlà, mọ́ínmọ́ín àti omi tútù kò ní í jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà. Ẹ má sì kó gbogbo ìrìn sínú ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ti dára, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn ìkìlọ̀ díẹ̀ rèé. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ló dára jù fún ìrìn ọ̀nà jíjìn, nítorí òjò Èkó lè sọ títì di odò. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ láì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ì báà jẹ́ pé òdìkejì kò ju ìwọ̀nba lọ. Bí èrò bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ san owó ìwọlé níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní rìsíìtì, kí ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá kàn ní òun mọ̀nà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé kékeré, kí ẹ fi sí àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń mú arúgbó lọ, Òkè Olúmọ ní àtẹ̀gùn púpọ̀, ẹ fara balẹ̀.

OHUN TÍ A KÒ BÁ BẸ̀ WÒ LÈ SỌ NÙ

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá kí ara kàn sinmi. Ilé kan wà ní Tinubu Square l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar. Ìdílé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sílé ló ní in rí, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Lọ́dún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, katapílà wó o lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tó wó ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iyì ohun kan, báwo ni yóò ṣe ké nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bà á jẹ́?

Ọ̀rọ̀ tó kan ará Àgọ́ Palace nínú èyí ni pé, owó ìwọlé tí ẹ san, ẹsẹ̀ tí ẹ gbé débẹ̀, àti ìbéèrè tí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín kiri, àwọn ló ń sọ fún ìjọba àti àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé ibẹ̀ ní olówó. Músíọ́mù tí eruku bò, tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń pín owó.

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú ti wa, a kò tilẹ̀ nílò láti rìn jìnnà. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ fi ibì kan ṣoṣo sọkàn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ láti ìsinsìnyí kí wọ́n máa retí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti dé, ẹ sọ fún aládùúgbò yín bí ẹ ṣe dé ibẹ̀, iye tí ó ná yín àti ohun tí ẹ rí, kí òun náà lè gbéra. Ẹ kú ìgbafẹ́ o.